Orí Iṣu Tí Mo Fi Pamọ́ fún Bámgbádé

Ilé Oyèdélé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìlá-Ọ̀ràngún,
ọ̀sẹ̀ tí a kọ́kọ́ wa iṣu tuntun.

Fúnkẹ́ mi, Àyọ̀ká, ọmọ tí mo gbé kọ́rùn dé oko kí ó tó mọ ọ̀nà ilé,

Lẹ́tà rẹ dé. Awakọ̀ ará Ọ̀rà tó ń ná ọ̀nà Kétu ló mú un wá, ó bá mi lábẹ́ igi ọsàn níbi tí mo ti ń pọ́n àdá. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan fúnra mi, mo tún kà á fún màmá rẹ. Màmá rẹ rẹ́rìn-ín, ó jó díẹ̀, ó ní ọmọ òun ti di ẹni tí àgbẹ̀ ilẹ̀ méjì ń dúró dè. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé lọ gbé omi kaná, mo tún mú lẹ́tà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí o kọ "Bàbá" sínú rẹ̀ tí kì í ṣe èmi lò ń bá wí. Ó jẹ́ mọ́kànlá. Èmi gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ní: ọ̀kan lókè níbi tí o ti kí mi, ọ̀kan nísàlẹ̀ níbi tí o ti dágbére.

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí àgbà máa ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo kà á.

Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí o má baà rò pé àìsàn ló ń ṣe mí: owú ni mo ń jẹ. Bámgbádé ni mo ń jowú. Ọmọ Ìlá bíi tiwa ni, ẹgbẹ́ mi ni, ó ti ń dáko lẹ́yìn Kétu, ní òdìkejì ẹnubodè, láti ìgbà tí n kò tíì mọ ìyá rẹ, inú ilé rẹ̀ ni o sì wọ̀ sí nígbà tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ gbà ọ́ síṣẹ́. Gbogbo ohun tí o kọ nípa iṣẹ́ náà ló yé mi. Àgbẹ̀ apá ibí àti àgbẹ̀ apá ọ̀hún ti pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n ní iṣu ti mọ ilẹ̀ méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó fa ààlà sí i láàárín. Wọ́n ní àwọn tó ń ra òwú ti mú kí gbogbo ènìyàn sọ oko iṣu di oko òwú lọ́hùn-ún, níbí àwọn ọ̀dọ́ ń fi oko sílẹ̀, irúgbìn àtijọ́ tó dára sì ń parun lójú àwọn. Ìwọ ni kí o máa gun alùpùpù láti abúlé dé abúlé, kí o kọ irúgbìn tí oníkálukú ní sínú ìwé, kí o gba ti ibì kan fún ibòmíràn. Iṣẹ́ rere ni. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹlòmíràn lo wọ̀ sí ni, ǹ bá ti pa àgùntàn. Ṣùgbọ́n ibi tó bọ́ sí nìyẹn: òwú ń jẹ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbí, èmi ni mo ń jẹ owú.

O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn. Màá gbà ọ́. O sì tún bi mí ní ìbéèrè kan lẹ́yìn ìwé náà. O ní iṣu kan wà ní abúlé yẹn tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Oyèdélé. O ní Bámgbádé sọ fún ọ pé èmi ni mo fún òun ní èbù tí òun fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí òun ń kúrò nílé, pé kò tún sí ọ̀rẹ́ tó ṣe irú rẹ̀ fún òun rí. O ní inú rẹ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí o fi fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí gbogbo àgbẹ̀ lè mọ irú ènìyàn tí bàbá rẹ jẹ́. O ní ṣé òótọ́ ni.

Má tíì kọ ọ́. Kọ́kọ́ ka lẹ́tà yìí dé ìparí.

Ìmọ̀ràn mi kìíní dá lórí ìbéèrè bíbi. Àwọn ọdún tí o fi kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, bí o bá wálé fún ọlidé, abẹ́ igi ọsàn yìí náà lo máa ń jókòó sí pẹ̀lú ìwé. Èmi á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, màá gba iwájú rẹ kọjá, màá wúkọ́. Mo ń dúró kí o gbójú sókè kí o bi mí ní nǹkan kan, ohunkóhun, bóyá ìdí tí a fi ń fi koríko dé orí ebè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwọ á ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," ojú rẹ á sì padà sínú ìwé. Lọ́jọ́ kan o fi rúlà hàn mí bí ihò àgbàdo ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó. Mo ní o ṣeun. Wàyí o, oṣù mẹ́ta péré lo lò nílé Bámgbádé, o ti kọ ìwé kan kún. O ní ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi koríko ẹ̀kan mọ ilẹ̀ tó ti rẹ̀, àti pé ibi tí ekòló bá ń su sí ni kí a kọ ebè sí. Ọmọ mi, ta ló kọ́ Bámgbádé? Bàbá àgbà rẹ ni, bàbá tó bí mi lọ́mọ, lórí ilẹ̀ tí o máa ń gbà kọjá lọ sí ilé ìwé.

Nítorí náà, ibikíbi tí o bá dé, bi ẹni tó di ọkọ́ mú léèrè kí o tó ṣí ìwé. Bí àgbà kan bá sì ń wúkọ́ níwájú rẹ, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ikọ́ ń ṣe é.

Ìkejì. O kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ yín ní alága, ó ní akọ̀wé, ó sì ní òǹtẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ní òǹtẹ̀, àwa ní àáró. Àwa ẹgbẹ́ mẹ́rin la jọ ń ṣe é: lónìí gbogbo wa á lọ sí oko ilé wa, lọ́la a ó lọ sí oko Bámgbádé, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀, kò sì sí ìwé. Ohun kan ṣoṣo tó mú un dúró ni pé bí o ṣe ń kọ ebè nínú oko tìrẹ ni kí o kọ ọ́ nínú oko ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tó kan oko wa, bàbá mi wá wo iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n dúró lẹ́bàá ebè tí Bámgbádé kọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í, kò mì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló kọ èyí." Bámgbádé kì í ṣe ọmọ wọn. Bàbá tirẹ̀ ti kú, òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló kù, ọ̀dọ̀ wa ló sì ti kọ́ iṣẹ́ oko. Bàbá mi rìn dé ibi ebè tèmi, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "O ò sùn." Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ. Èmi tí wọ́n bí, "o ò sùn" ni mo gbà.

Lọ́jọ́ kejì, oko Bámgbádé ló kàn. Mo fi koríko sínú ebè. O lè má rí ìyẹn nínú ìwé rẹ: wàá kó koríko jọ, wàá da erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ebè á ga, á wú, kò sì ní sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí ogún ni mo kọ báyẹn. Ní ọ̀sán, Bámgbádé gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ ọ̀kan, koríko yọ síta. Ó wo koríko, ó wò mí. Ó fi ọkọ́ rẹ̀ wọ́ erùpẹ̀ bò ó padà, kò sì sọ fún àwọn méjì yòókù. Nígbà tí a jókòó láti jẹun, iṣu sísun tó tóbi jù ló gbé síwájú mi. Ì bá kúkú gbá mi létí. Nígbà tí ìkórè dé, iṣu inú ebè mi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé. Mo rí i, inú mi dùn. Lẹ́yìn náà inú mi bàjẹ́ pé inú mi dùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ nìyí. Má fi ọ̀rọ̀ ẹnu alága díwọ̀n ẹgbẹ́ rẹ. Wo oko ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ lọ ṣe, bóyá ti alága ni àbí ti opó. Bí wọ́n bá sì fi ebè hàn ọ́, bó ti wù kó ga tó, fi ẹsẹ̀ tú u wò.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ ẹnubodè. Ààlà tí èmi mọ̀, pẹ̀rẹ̀gún la fi ń sàmì rẹ̀, èmi àti ẹni tí a jọ pààlà á sì jọ jókòó sábẹ́ rẹ̀ jẹ ọ̀sán. Tiyín ní ìbọn. Má gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, bó ti wù kó yá tó. Bí aṣọ́bodè bá bi ọ́ léèrè ohun tí o dì, sọ pé iṣu ni, tú u fún un, fara balẹ̀. Má gbé àpò tí ìwọ fúnra rẹ kò dì. Màmá rẹ tún ní kí n bi ọ́ bóyá Bámgbádé ní ọmọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó. Mo ní n kò ní bi ọ́. Ṣé ó ní?

O tún kọ ọ́ pé ó ṣì ń sọ Ìgbómìnà tó dá ṣáká, pé bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ìyá àgbà rẹ ló jí dìde. Ìyẹn náà dùn mí. Àwa tí a jókòó sílé, rédíò àti ìwàásù ti fi Yorùbá Ọ̀yọ́ là á mọ́ wa lẹ́nu, ẹ̀yin ọmọ wa sì ti fi Gẹ̀ẹ́sì lé e. Ẹni tó lọ ló kó ilé dání lọ.

Ó tó àkókò kí n dé ibi iṣu náà. N kò mọ iye tí ìmọ̀ràn yìí jẹ́ mọ́, ìkẹta tàbí ìkẹrin, má ṣe kà á.

Lásìkò yẹn àwọn ọ̀dọ́ Ìlá ń lọ sí Àbíjàn, wọ́n ń lọ sí Kútọnu, wọ́n ń tajà. Bámgbádé kò fẹ́ tajà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn, ó sì gbọ́ pé ilẹ̀ wà lẹ́yìn Kétu, pé ẹni tó bá lè ro ó, iṣu díẹ̀ ni yóò máa fi ṣe ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ku ọ̀la kí ó lọ, bàbá mi pè mí. Wọ́n ní, "Lọ ṣa ogún orí iṣu fún Bámgbádé nínú iṣu ilé wa. Orí ni o, Oyèdélé. Ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, orí la fi ń sìn ín."

Ìwọ tí o kàwé mọ̀ ọ́n, èmi tí mo dáko náà mọ̀ ọ́n: orí iṣu ló máa ń tètè hù, òun ló máa ń lágbára. Ìdí iṣu a máa sùn nínú ilẹ̀ títí, nígbà mìíràn á jẹrà, nígbà mìíràn á hù nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti gun ọ̀pá. Mo wọ inú ọgbà iṣu lọ. Mo mú ọ̀bẹ. Mo ń gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́yìn ọgbà níbi tí òun àti Bámgbádé jókòó sí. Wọ́n ń sọ fún un pé bó ṣe ń lọ yìí, apá òun kan ló ń lọ. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ni ọ́." Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, Fúnkẹ́. Mo ti ń bá bàbá mi lọ sí oko láti ìgbà tí mo ti lè rìn. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì padà sọ ọ́ títí wọ́n fi kú.

Mo gé orí iṣu ogún, mo kó wọn pamọ́ sábẹ́ ewé. Ìdí rẹ̀ ni mo kó sínú apẹ̀rẹ̀. Mo fi eérú pa ojú ibi tí mo gé dáadáa, bí a ti ń ṣe é, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, mo sì gbé e lọ bá a ní àárọ̀ ọjọ́ kejì níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Bámgbádé gba apẹ̀rẹ̀ náà. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ ewé, ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Oyèdélé, o ṣeun. Ìgbàkúùgbà tí mo bá ń gbìn ín, màá rántí rẹ." Ó dì mọ́ mi, ó gun ọkọ̀.

Àwọn orí yẹn, oko tèmi ni mo gbìn wọ́n sí. Wọ́n ta. Lọ́dún yẹn iṣu mi ló tóbi jù ní gbogbo apá ibí. Màmá mi gún un, bàbá mi jẹ ẹ́, wọ́n lá ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Irú èyí ni Bámgbádé náà ń jẹ níbi tó wà." Kí wọ́n tó kú, wọ́n bi mí léèrè bóyá mo gbọ́ pé iṣu Bámgbádé hù. Mo ní ó hù. N kò gbọ́ ohunkóhun. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Mo bò ó, mo jẹ ẹ́, kò sì dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn, Àyọ̀ká. Òótọ́ ni pé mo fún un ní èbù. Kò sí òótọ́ mìíràn nínú rẹ̀.

Ní báyìí o wá kọ ìtàn tí Bámgbádé sọ fún ọ. O ní lọ́dún tó kọ́kọ́ gbin iṣu rẹ̀, òjò tètè bẹ̀rẹ̀, ó sì wá dá, oòrùn mú. Iṣu àwọn ará ibẹ̀ ti hù, ìtàkùn rẹ̀ jóná lórí ebè. Tirẹ̀ ṣì ń sùn nínú ilẹ̀. Ìgbà tí òjò padà ló jí, òun nìkan ló sì ní iṣu tó ṣe é jẹ lọ́dún yẹn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ fi wá tọrọ èbù lọ́wọ́ àlejò. Wọ́n bi í ní orúkọ iṣu náà. Ó ní Oyèdélé ni. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń sè mí, wọ́n ń sun mí, wọ́n sì ń gún mi nínú odó ní ìlú tí ẹsẹ̀ mi kò dé rí.

Ìwọ rò pé ìfẹ́ ni. Ó lè jẹ́ ìfẹ́. Ṣùgbọ́n dúró ná, ro ó bí ọmọ àgbẹ̀. Ṣé àgbẹ̀ kan lè ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀ kí ó má mọ orí iṣu yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀? Afọ́jú mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó kọ ebè tí kò mì, ṣé òun ni kò ní mọ̀ ọ́n? Ó mọ̀. Níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró yẹn ló ti mọ̀.

Ṣé o rántí bàbá òdìkejì ilé wa tó sọ ajá rẹ̀ ní Kò-kàn-yín? Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé bó bá ti ń pe ajá náà wá jẹun, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń bú. Iṣu tó ń sùn nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jí, iṣu tí kò fẹ́ hù fún ẹni tó gbìn ín, òun ni Bámgbádé sọ ní orúkọ mi. Láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé ni mo ti ń yí i sọ́tùn-ún sósì: ṣé orúkọ ọmọ ni àbí orúkọ ajá? Bí ó bá jẹ́ orúkọ ajá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ọmọ, ìyẹn ló le jù fún mi, nítorí kódà ìkà tí mo ṣe, òun ló sọ ọ́ di rere, òun náà ni wọ́n sì ń yìn lé e lórí. Òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ìwọ náà ti rí àyà mi nígbà tí mo bá ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, gbogbo egungun rẹ̀ ló ṣeé kà.

Bàbá mi pè é ní ọmọ. Ìwọ pè é ní bàbá. Èmi tí mo wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, mo ń wá ibi tí màá dúró sí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tó kù kò pọ̀. Bí wọ́n bá yin ẹlòmíràn lójú rẹ, tètè yìn ín tẹ̀lé wọn, kí ọ̀rọ̀ náà tó rà sí ọ nínú. Tèmi rà, ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Bí ẹni kan bá ṣe iṣẹ́ rere fún ọ, tó sì jẹ́ ọmọ rẹ tàbí ẹni tó kéré sí ọ, sọ fún un pé ó ṣe é dáadáa, má dúró kí ó máa gbọ́ ọ lẹ́yìn ọgbà nígbà tí ẹlòmíràn lò ń sọ ọ́ fún. Mo mọ̀ pé èmi náà kì í sọ ọ́. Nígbà tí o gba ìwé ẹ̀rí rẹ, màmá rẹ jó yípo ilé, èmi ní, "Ó dára, o ò fi owó ṣòfò." Mo gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́nu ara mi lọ́jọ́ náà, n kò sì lè gbé e mì. O ṣe é dáadáa, Fúnkẹ́. Ọmọ mi ló kọ ebè yìí.

Àti irúgbìn tí ò ń kó láti abúlé dé abúlé: máa wo orí rẹ̀. Ẹni tó ń fúnni ní irúgbìn lè máa rẹ́rìn-ín, lè fi eérú pa á, lè fi ewé bò ó. Ṣí ewé. Kí ìwọ náà má sì fún ẹnikẹ́ni ní ìdí nígbà tí orí wà nílé.

Ìwé ẹgbẹ́ tí o fẹ́ kọ, kọ ọ́, ṣùgbọ́n kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, á wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Èmi ti jẹ tèmi tó. Kọ ọ́ pé Oyèdélé ará Ìlá fún un ní ìdí, Bámgbádé ló sọ ọ́ di iṣu. Bí ojú bá tì ọ́ láti kọ ọ́, jẹ́ kí ó tì ọ́ díẹ̀, kí o sì kọ ọ́.

Awakọ̀ ará Ọ̀rà tó mú lẹ́tà yìí wá gbé apẹ̀rẹ̀ kan dání. Iṣu ilé wa ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo wa sá lé kòkó, ṣe ni mo pa oko iṣu rẹ́. Kòkó náà ti darúgbó báyìí, àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa nígbà náà kò sì sí mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún mo máa ń kọ ogún ebè sẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ń gbin iṣu yẹn sí i, màmá rẹ á máa bi mí pé ta ni mo ń gbìn ín fún. N kò mọ èsì tí màá fún un. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Ogún orí ni. Mo gé wọn fúnra mi láàárọ̀ yìí, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Má sọ ohunkóhun fún un. Gbé apẹ̀rẹ̀ náà síwájú rẹ̀, jẹ́ kí ó ki ọwọ́ sábẹ́ ewé bó ṣe ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Wo ojú rẹ̀ fún mi. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, kọ̀wé sí mi bó ṣe rẹ́rìn-ín. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, má kọ ọ́, wá sọ ọ́ fún mi lẹ́nu. Bí ó bá bi ọ́ pé kí ni èyí, sọ pé ẹrù tí bàbá wa ní kí èmi Oyèdélé gbé fún un ni, ó pẹ́ lọ́nà.

Bí ó bá sì hù, kí ó má ṣe pe ìyẹn ní Oyèdélé. Kí ó fi orúkọ bàbá mi pè é. Àwa méjèèjì la ni wọ́n.

Ìwọ ni n kò lè bá a pín. Nínú lẹ́tà tí o bá máa kọ sí mi lẹ́yìn èyí, pè é ní Bàbá Kétu, pè é ní Bàbá Oníṣu, pè é ní ohun tó bá wù ọ́. Fi "Bàbá" lásán sílẹ̀ fún mi.

Èmi ni,
Oyèdélé tí ẹnikẹ́ni kò gún rí.